Yíyan Sọ́fítíwíà Aládàáṣe fún Iṣẹ́ IT àti Lílò Rẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni à ń pè ní sọ́fítíwíà aládàáṣe fún iṣẹ́ IT?

Ètò orí kọ̀ǹpútà ni, tó ń bá ẹ̀ka IT (ẹ̀ka tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́) ṣe àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe ní àṣetúnṣe: ṣíṣí àkáǹtì fún òṣìṣẹ́ tuntun, fífi àtúnṣe ààbò sórí sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn), gbígba backup (ẹ̀dà détà fún ìpamọ́), jíjí ètò tó dákú dìde. Ẹ ó sọ ohun tó máa ṣe fún un, ìgbà tó máa ṣe é, àti ohun tó máa ṣe bí ọ̀nà bá dí.

Kì í ṣe nǹkan àná. Cron, tó ń fi aago pe iṣẹ́ lórí Unix (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà), ti wà láti àwọn ọdún 1970, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ sáfà Linux (irú ètò bẹ́ẹ̀ náà) títí dòní. Ohun tó yí padà ni iye ẹ̀rọ tí ẹnì kan ń bójú tó, àti iye ènìyàn tó ń fọwọ́ kan iṣẹ́ kan náà.

A ti ní script (àwọn àṣẹ tí a kọ jọ sínú fáìlì) àti cron. Ṣé kò tó?

Bí ẹ̀rọ yín ò bá pọ̀, tó sì jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì ló ń tọ́jú wọn, ó tó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dójú tì yín pé cron lẹ ṣì ń lò.

Ìgbà tó ń di wàhálà ni ìgbà tí iṣẹ́ kan bá ní láti dúró de òmíràn lórí ẹ̀rọ mìíràn, tí ọ̀gá kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lọ, tàbí tí ẹ fẹ́ mọ ẹni tó pàṣẹ kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Cron ò mọ ìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ wo èyí ná. Script tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ fi ọwọ́ pè é lè kọ̀ jálẹ̀ nínú cron, torí pé PATH (àtòjọ àwọn ibi tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ) tí cron ń lò kúrú ju tiyín lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í kọjá /usr/bin àti /bin. Ẹ kọ ojú ọ̀nà àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní kíkún, kí ẹ sì darí ohun tí script bá sọ sínú fáìlì kan. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé sọ́fítíwíà olówó ńlá lòun nílò, àtúnṣe kékeré yìí ló ń wá.

Irú wo la nílò nínú gbogbo èyí tó wà níta?

Ẹ wo ohun tí iṣẹ́ yín ń fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá fẹ́ kí sáfà púpọ̀ wà ní ìṣètò kan náà, Ansible, Puppet àti Chef ló wà fún ìyẹn. Bó bá jẹ́ dídá sáfà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀ lórí cloud (sáfà àyálò orí íńtánẹ́ẹ̀tì), Terraform tàbí OpenTofu ni. Yíyẹ kóòdù wò àti gbígbé e jáde jẹ́ iṣẹ́ Jenkins, GitLab CI àti GitHub Actions. Rundeck ń fi bọ́tìnì kan ṣoṣo lé ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáfà lọ́wọ́, kó lè ṣe iṣẹ́ kan pàtó láìní àṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ. n8n àti Zapier ń so àwọn ètò tó ní API (ọ̀nà tí ètò kan fi ń bá òmíràn sọ̀rọ̀) pọ̀ mọ́ra.

UiPath àti Power Automate lè máa tẹ bọ́tìnì lójú kọ̀ǹpútà bí ènìyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ìkẹyìn ni kí ẹ fi ọ̀nà yìí ṣe, nígbà tí ètò àtijọ́ kan ò bá ní API rárá. Tí àwọn tó ṣe ètò náà bá sún bọ́tìnì kan kúrò ní ibi tó wà, iṣẹ́ yín lè dúró láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Iṣẹ́ wo ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀?

Èyí tó ń wáyé lemọ́lemọ́, tí kò gba àròjinlẹ̀, tí ẹ ó sì tètè mọ̀ bó bá kùnà. Bí ẹ bá ní ìkànnì, ìsọdọ̀tun sátífíkéètì TLS (ẹ̀rí tó ń jẹ́ kí ìsopọ̀ mọ́ ìkànnì ní ààbò) ni mo máa ní kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́jọ́ 90 ni sátífíkéètì tí Let's Encrypt, àjọ tó ń fúnni ní i lọ́fẹ̀ẹ́, ń fúnni láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlànà ACME tí wọ́n fi ń ṣe é sì ti di ìlànà gbogbogbòò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì (RFC 8555) láti ọdún 2019, nítorí náà irinṣẹ́ tó ń ṣe é pọ̀ rẹpẹtẹ.

Kò tún ṣeé sún síwájú mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, CA/Browser Forum (àjọ àwọn tó ń fúnni ní sátífíkéètì àti àwọn tó ń ṣe browser) dìbò pé kí ọjọ́ ayé sátífíkéètì máa dín kù: ọjọ́ 200 láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2026, ọjọ́ 100 láti ọjọ́ kan náà ní 2027, ọjọ́ 47 láti ọjọ́ kan náà ní 2029. Ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún máa di ohun tó ń kan ilẹ̀kùn lóṣooṣù, lórí gbogbo ìkànnì tó ní.

Iṣẹ́ wo ni ká fi sílẹ̀ fún ènìyàn?

Èyí tó ń wáyé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, èyí tí ọ̀nà rẹ̀ ń yí padà ní gbogbo ìgbà, àti èyí tí kò ní àtúnṣe bó bá ti ṣẹlẹ̀, irú bíi pípa détà oníbàárà rẹ́. Ẹ̀rọ lè kó ohun gbogbo jọ sílẹ̀. Ènìyàn ni kó fọwọ́ sí i.

Ṣé dandan ni ká kọ ìgbésẹ̀ iṣẹ́ sílẹ̀ ká tó ra nǹkan?

Dandan ni. Bí ẹ ò bá ní ráyè fún ohunkóhun mìíràn nínú gbogbo ìmọ̀ràn yìí, ẹ ráyè fún èyí. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú yín ò lè sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ọ̀nà iṣẹ́ bá dàrú, ẹ̀rọ á kàn máa fi ìyára ṣe ohun tó dàrú ni.

Ẹ jókòó ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ mú títì àkáǹtì òṣìṣẹ́ tó ń lọ bí àpẹẹrẹ. Nínú ìwé, ìgbésẹ̀ mẹ́ta ni: ti àkáǹtì, gba kọ̀ǹpútà, sọ fún ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Ẹ wá jókòó tì í. Ẹ ó rí i pé ó kọ́kọ́ ń wò ó bóyá ẹni náà ló ni fáìlì tí gbogbo ẹ̀ka ń lò, kó lè gbé e sórúkọ ẹlòmíràn. Ó ń darí íméèlì rẹ̀ sọ́dọ̀ máníjà. Ó ń wò ó bóyá token (kọ́kọ́rọ́ tí ètò fi ń wọlé bíi páásíwọ̀ọ̀dù) kan wà lórúkọ rẹ̀ tí sáfà kan ń fi ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló máa gbé fóònù pe ẹnì kan, torí pé ètò owó oṣù ní àkáǹtì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìpè yẹn ò sí nínú ìwé kankan. Bí ẹ bá fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta yẹn ṣe ètò yín, ẹni náà á ti lọ, àkáǹtì rẹ̀ lórí ètò owó oṣù á ṣì wà ní ṣíṣí.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ gbé ìwé náà fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ yẹn rí, kó fi ṣe é. Ibi tó bá ti dúró béèrè nǹkan ni ẹ ò tíì kọ dáadáa. Ẹ sì tún lè rí i pé ìgbésẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ yọ ọ́ dànù, ẹ má gbé e fún ẹ̀rọ.

Kí la máa bi àwọn tó ń tà á?

Ẹ má gbà kí wọ́n fi àpẹẹrẹ tiwọn hàn yín. Ẹ gbé iṣẹ́ yín kan tó díjú díẹ̀ fún wọn, kí wọ́n ṣe é lójú yín. Kẹ́ ẹ wá mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́: ẹ gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín iṣẹ́, ẹ fún un ní páásíwọ̀ọ̀dù tí kò tọ́, ẹ sì ka ohun tó bá sọ. Irinṣẹ́ tó bá kàn ní òun kùnà, tí kò sọ ìgbésẹ̀ tó ti kùnà àti ohun tó fà á, máa gba oorun lójú yín.

Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè kó gbogbo iṣẹ́ tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ jáde ní fáìlì lásán tí ẹ lè fi sínú Git (ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú fáìlì). Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ wọn, láti òdo lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún bi wọ́n ohun tí wọ́n fi ń ka owó: iye ẹ̀rọ ni, iye ènìyàn, àbí iye ìgbà tí iṣẹ́ bá wáyé? Èyí tó kẹ́yìn yẹn máa ń dà bí ẹni pé kò wọ́n níbẹ̀rẹ̀, títí iṣẹ́ kan á fi máa wáyé ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èyí tó ń fi agent (ètò kékeré tó ń gbé orí ẹ̀rọ) sórí ẹ̀rọ ló dáa, àbí èyí tí kì í fi?

Ansible, tó jáde ní 2012, ń gba SSH (ọ̀nà aláàbò láti wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn) wọlé, ohun tó sì nílò lórí ọ̀pọ̀ sáfà Linux kò ju èdè kóòdù Python lọ. Àmọ́ ìgbà tí a bá pè é nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Puppet, tó ti wà láti 2005, ń fi agent sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, agent náà sì máa ń bi sáfà rẹ̀ léèrè ní ìṣẹ́jú 30-30, bí ẹ ò bá yí i padà. Bí ẹnì kan bá yọ́ kẹ́lẹ́ fi ọwọ́ yí ìṣètò padà lóru, Puppet á dá a padà sí bó ṣe wà.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò ní agent ni mo máa mú. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àgbéká tó ń jáde kiri, tí SSH ò lè bá níbi tó wà, yàtọ̀. Agent ló yẹ ẹ́.

Ọ̀fẹ́ tàbí olówó?

Ọ̀fẹ́ máa gba àkókò òṣìṣẹ́ yín, olówó máa gba owó yín. Ẹ wo èyí tí ẹ ní.

Ẹ ka láísẹ́ǹsì pẹ̀lú, ẹ má sì rò pé ó máa wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, HashiCorp, ilé iṣẹ́ tó ni Terraform, gbé e kúrò lábẹ́ láísẹ́ǹsì Mozilla bọ́ sábẹ́ Business Source License, tó dín òmìnira lílò rẹ̀ kù. Ẹni tó ń lò ó nínú ilé iṣẹ́ ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fara gbá a, àmọ́ àwọn tó ń ta ọjà tó ń bá HashiCorp figagbága rí i pé ilẹ̀ ti yọ̀. Àwọn kan mú kóòdù tó wà nílẹ̀ kí àyípadà yẹn tó dé, wọ́n sọ ọ́ di OpenTofu, àjọ Linux Foundation sì gbà á sábẹ́ ara rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé fáìlì lásán ni iṣẹ́ àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí ìṣípòpadà náà rọrùn.

Níbo la máa kó páásíwọ̀ọ̀dù àti token sí?

Kì í ṣe inú script, kì í sì í ṣe inú Git. Ohun tó bá ti wọ Git wà nínú ìtàn rẹ̀, kódà bí ẹ bá pa á rẹ́ lọ́la. Ẹ yí páásíwọ̀ọ̀dù náà padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ lo ibi ìpamọ́ tí wọ́n ṣe fún un, irú bíi Vault, Ansible Vault, tàbí èyí tó bá cloud yín wá.

Ẹ fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì tirẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ tó tó o, kó má lé. Iṣẹ́ tó ń gba backup kò nílò àṣẹ láti pa backup rẹ́. Àkáǹtì ọ̀gá àgbà kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ló rọrùn jù láti gbé kalẹ̀, òun náà ló burú jù lọ́jọ́ tó bá bọ́ sọ́wọ́ olè.

Iṣẹ́ kan wáyé lẹ́ẹ̀mejì, ó sì da nǹkan rú. Kí la ṣe sí i?

Ẹ kọ ọ́ kó jẹ́ pé bó bá wáyé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mẹwàá, ibì kan náà ló máa gúnlẹ̀ sí. Àpẹẹrẹ tó wọ́pọ̀ ni script tó ń fi àmì >> ti ìlà kan bọ ìsàlẹ̀ fáìlì /etc/hosts. Ìgbà kìíní, ó dáa. Ìgbà kejì, ìlà náà ti di méjì. Nígbà tó bá di ìparí oṣù, fáìlì náà á ti kún fún ìlà kan náà, ẹni tó bá tún èyí tó wà lókè ṣe kò sì ní mọ̀ pé òmíràn wà nísàlẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a sọ ipò tí a fẹ́: kí ìlà yìí wà níbẹ̀, ẹyọ kan. Ohun tí àṣẹ lineinfile ń ṣe nínú Ansible nìyẹn. Bí script tiyín lẹ bá ń kọ, ẹ jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kọ.

Báwo la ṣe máa gbé e jáde láìda gbogbo ẹ̀rọ rú lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é. Ansible ní --check, Terraform ní plan, Puppet ní --noop, ọ̀pọ̀ àṣẹ PowerShell sì ní -WhatIf. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ kan. Ẹ dúró. Ẹ̀rọ díẹ̀ sí i. Ẹ dúró. Kí ó tó kan ìyókù.

Ẹ tún fi òté sínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní Amazon tó láṣẹ, tó ń tẹ̀ lé ìwé ìgbésẹ̀, fẹ́ yọ sáfà mélòó kan kúrò nínú S3, ibi ìpamọ́ fáìlì Amazon lórí cloud. Ó tẹ ohun kan tí kò tọ́, sáfà tó kúrò sì pọ̀ ju èyí tó fẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ìkànnì tó gbára lé S3 dá iṣẹ́ dúró fún wákàtí mélòó kan. Nígbà tí Amazon tún irinṣẹ́ náà ṣe, wọ́n mú kó máa fi pẹ̀lẹ́ yọ sáfà, kó sì kọ̀ bí iye tó kù bá fẹ́ kéré ju bó ṣe yẹ. Irú òté bẹ́ẹ̀ ni mo ń sọ: kí iṣẹ́ yín kọ̀ láti fọwọ́ kan ju iye kan lọ láìjẹ́ pé ènìyàn tún fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì rò pé ọwọ́ ló lààbò jù. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2012, Knight Capital, ilé iṣẹ́ tó ń ṣòwò ìpín ìdókòwò, pàdánù owó tó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45. Sáfà mẹ́jọ ló yẹ kí kóòdù tuntun dé. Òṣìṣẹ́ tó ń fi ọwọ́ gbé e lọ gbàgbé ọ̀kan, kò sì sí ìlànà pé kí ẹnì kejì yẹ̀ ẹ́ wò.

Iṣẹ́ kan ti ń kùnà tipẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Kí la ṣe kí irú rẹ̀ má ṣẹlẹ̀ mọ́?

Ẹ má fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe àmì pé nǹkan ń lọ dáadáa. GitLab, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù fún àwọn ènìyàn, jẹ ìyà èyí ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017. Òṣìṣẹ́ kan pa détà rẹ́ lórí sáfà tí kì í ṣe èyí tó ní lọ́kàn. Wọ́n sáré lọ wo backup, wọ́n bá a lófìfo: pg_dump, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba backup, jẹ́ ti PostgreSQL (ètò ìtọ́jú détà) 9.2, détà wọn sì wà lórí 9.6, nítorí náà ṣe ló ń kùnà. Cron ń fi íméèlì ránṣẹ́ pé ó kùnà, ṣùgbọ́n íméèlì náà ò ní ìfọwọ́sí DMARC (ẹ̀rí ibi tí íméèlì ti wá), wọ́n sì ń dá a padà. Ẹ̀dà tí ẹnì kan gbà ní nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣe. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ máa jábọ̀ nígbà tó bá yọrí, kí ohun mìíràn tó wà lẹ́yìn òde máa retí ìjábọ̀ náà, kó sì pariwo bí kò bá dé lásìkò. Bó bá sì jẹ́ backup, ẹ máa dá a padà sórí ẹ̀rọ mìíràn látìgbàdégbà, kí ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Backup tí a ò dá padà rí, ìrètí lásán ni.

Ẹ ṣọ́ aago náà. Níbi tí wọ́n ti ń sún aago síwájú àti sẹ́yìn lọ́dọọdún, iṣẹ́ aago méjì ààbọ̀ òru lè fo ọjọ́ kan, ó sì lè wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ mìíràn. UTC, aago àgbáyé tí wọn kì í sún, ni kí sáfà yín máa lò. GitHub Actions náà máa ń dá iṣẹ́ tí a fi aago sí dúró nínú repository (àpò kóòdù) gbangba tí nǹkan kan ò bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 60.

Ṣé ká jẹ́ kí AI kọ script fún wa?

Ẹ lè jẹ́ kó kọ ọ́, bí ẹnì kan nínú yín bá lè ka gbogbo ìlà rẹ̀ kó sì sọ ohun tó ń ṣe. Ó máa ń kọ àṣẹ tó jọ òótọ́ pẹ̀lú àmì tí kò sí nínú irinṣẹ́ náà rárá. Fífún un ní àṣẹ láti máa dá ìpinnu ṣe lórí sáfà tí àwọn oníbàárà ń lò, èmi ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Kó dábàá, kí ènìyàn fọwọ́ sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ wa ń bẹ̀rù pé iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Báwo la ṣe máa bá wọn sọ ọ́?

Òótọ́ ni kí ẹ sọ. Bí ẹ bá fẹ́ dín ènìyàn kù, ẹ má pè é ní ìrànlọ́wọ́. Bí ẹ ò bá sì fẹ́, ẹ sọ iṣẹ́ tí wọ́n máa fi àkókò tó bá ṣẹ́ kù ṣe, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló mọ ìpè fóònù tí kò sí nínú ìwé. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, kò ní sọ ọ́ fún yín.

Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí ètò náà bí olórí, kó jẹ́ òun ló máa sọ pé ó ti tó gbé jáde.

Bí irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá dákú ńkọ́?

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àṣẹ kan tí wọ́n pa nígbà àtúnṣe já gbogbo ibùdó sáfà Facebook kúrò lára ara wọn. Irinṣẹ́ kan wà tó yẹ kó dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró, àmọ́ àléébù wà nínú rẹ̀. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ, àwọn irinṣẹ́ tí wọn ì bá fi tún un ṣe bá a lọ, torí orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà ni wọ́n wà. Àfi kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ẹsẹ̀ ara wọn dé ibùdó sáfà. Ó tó wákàtí mẹ́fà kí nǹkan tó padà.

Nítorí náà, ẹ ní ọ̀nà kan tí kò gba inú irinṣẹ́ náà kọjá: àkáǹtì pàjáwìrì, ìwé ìgbésẹ̀ tó wà lórí bébà tàbí lórí kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn, àti ẹni tó ṣì lè fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ yan ọjọ́ kan, kí ẹ pa irinṣẹ́ náà, kí ẹ fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí kò ṣe é fún ọdún kan ti gbàgbé.

Ẹni tó kọ gbogbo ètò aládàáṣe wa ti kúrò níṣẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ má sì tíì ti àkáǹtì rẹ̀ pa pátápátá. Ẹ yí páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ padà, kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ SSH rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n ẹ wo log (àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe) kí ẹ mọ iṣẹ́ tó ń fi orúkọ rẹ̀ wọlé ní òru kí ẹ tó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ lọ sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó ohun tó wà nínú crontab (àtòjọ iṣẹ́ cron) gbogbo àkáǹtì jọ, fi mọ́ /etc/cron.d àti ohun tí systemctl list-timers bá fi hàn. Lórí Windows, ẹ wo Task Scheduler. Ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: kí ló ń fọwọ́ kàn, orúkọ ta ló ń lò, ta ló máa kígbe bó bá dúró. Èyí tí ẹ ò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ẹ dá a dúró láìpa á rẹ́, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dá a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìparí oṣù kọjá, kí ìparí ìdá mẹ́rin ọdún náà kọjá, torí àwọn iṣẹ́ ìṣirò owó máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ títí di ìgbà yẹn, ẹ lè yọ ọ́.